Ẹkún Inú Bóòtù

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ náà kọ́kọ́ sunkún, ìṣojú obìnrin mọ́kànlélógójì ló sì ti sun ún.

Àǹtí Fò ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín, nítorí ohun tó máa ń pariwo láràárọ̀ nìyẹn: "Ẹ fò! Ẹ tún un fò!" Iṣẹ́ eré ìdárayá ló ń ṣe. Kí oòrùn tó mú, á wa ọkọ̀ wọ pápá tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ, á ṣí bóòtù sílẹ̀ gbayawu, á fi orin sí i, àwọn ìyá ọlọ́mọ á sì máa fò títí wọ́n á fi máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ. Ṣùgbọ́n rédíò tó bá ọkọ̀ náà wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é kò lẹ́mìí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn tó há sínú ike. Àwọn tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ ọ. Ìdí àwọn tó wà níwájú ni wọ́n ń wò, ìgbà tí àwọn yẹn bá ti balẹ̀ ni àwọn ń gbéra.

Ìdí nìyẹn tó fi gbé e lọ fún Rìwáyà, ọkùnrin tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, pé kó bá òun fi ampilifáyà tó ń fún ohùn lágbára àti súbúúfà, sípíkà ńlá tó ń dún wọ inú ilẹ̀, sí i. Ọjọ́ méjì gbáko ni Rìwáyà fi ṣe é. Ó fa wáyà pupa kan tó nípọn bí ìka láti orí bátìrì níwájú, ó mú un gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn. Ó yọ ohùn rédíò láti ara wáyà sípíkà ẹ̀yìn. Ó gbé àpótí súbúúfà dúdú sínú bóòtù, ó kan ampilifáyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, etí kọ́ ni Àǹtí Fò fi gbọ́ ọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló gbà wọlé, ó gun orúnkún, ó sì lọ jókòó sí i nínú ikùn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó tan rédíò. Kó tó fi orin sí i rárá, ohùn kan jáde láti inú bóòtù.

Ó gùn. Ó dà bí ẹkún ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Àǹtí Fò fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ díẹ̀, ẹkún náà lọ sókè. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹkún náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ẹ̀ pa rọ́rọ́.

"Àǹtí Fò," ni Onídìrí wí láti ìlà iwájú, obìnrin kan tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, "ta lẹ gbé pa mọ́ síbẹ̀? Ṣé ọkọ tẹ́ ẹ ní ẹ ò tíì ní náà nìyẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún ọkọ̀ tan, nítorí bátìrì ò lè gbé ìró náà kọjá orin méjì tí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́. Ẹkún náà padà wá. Ó wà lábẹ́ orin, ó ń yọjú láàárín ìró kan sí èkejì. Nígbà tí wọ́n fò lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, obìnrin mẹ́ta ṣubú pọ̀, orúnkún òsì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi lélẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Bí Àǹtí Fò ṣe fẹ́ pa bóòtù dé ló rí èèrùn dúdú tó tò láti inú koríko. Wọ́n gun táyà, wọ́n gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bóòtù wọlé. Kò sí ohun jíjẹ kankan níbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ bóòtù yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí wọ́n ń gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ló ń ṣí i, gbogbo pápá ló sì mọ ibẹ̀. Ó wo àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń nu òógùn, ó sì ń bi ara rẹ̀ nínú pé: èwo nínú yín?

Nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aláṣọ, tó ni ilẹ̀ pápá náà, máa wá yan ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjì tó ń lo pápá náà, tí á máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní eré ìdárayá. Ẹni tó bá yàn ló ni pápá. Ẹnì kejì á kó ẹrù ẹ̀, ó di gbére.

*

Ẹnì kejì náà wà lẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́ ẹkún ọkọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Fèrè irin rọ̀ sí i lọ́rùn, aago irin ńlá tó fi ń ka ìṣẹ́jú sì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ ń lo pápá. Òun ló kọ́ Àǹtí Fò fúnra rẹ̀ béèyàn ṣe ń fò tí orúnkún kì í fi í bàjẹ́. Nígbà tó yá, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní méjì-méjì, àwọn obìnrin rẹ̀ sá lọ bá orin. Ó ku òun àti fèrè.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ló gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá Ìyá Onígò, obìnrin oníṣègùn tí àwọn èèyàn kì í dárúkọ ẹ̀ sókè. Ìgò kún ara ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aṣọ ni wọ́n fi dí gbogbo wọn lẹ́nu. Fáànù kan ń yí lókè, síbẹ̀ aṣọ kan ò mì níbẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Mi ò ní kó kú o, Màmá."

"Ṣé mo bi ọ́ ní ti ikú ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yín ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Onígò gba táwẹ̀lì kékeré tí Kóòṣì mú wá, èyí tí Àǹtí Fò gbàgbé sórí pápá, tí òógùn rẹ̀ ti gbẹ sí i. Ó gé díẹ̀ lára ẹ̀. Ó ní kí Kóòṣì kọjú sí ògiri. Kóòṣì gbọ́ tí ìgò mẹ́ta ṣí. Ó gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀, kò sì dá a lójú pé obìnrin náà ni. Nígbà tó yíjú padà, ìdì kan tí wọ́n fi òwú dúdú wé ti wà lórí ẹní, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

"Ibi tí agbára ohùn náà ti ń padà sílé ni kó o fi sí. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ yí i, kó dojú bolẹ̀, kó o sì dè é le. Bí o ò bá yí i, ẹni tó gbé e lọ ni yóò máa sun ẹkún yẹn."

Kóòṣì ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ló bá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì Rìwáyà, ó ń béèrè bí ẹni tó kàn ń tàkurọ̀sọ. Kò sì sí ohun tó dùn mọ́ Rìwáyà bíi kó ṣàlàyé iṣẹ́: agbára á gba wáyà pupa wá, á gba wáyà dúdú padà sí ara ọkọ̀, níbi bóòlùtù kan báyìí nínú bóòtù. "Mo ti ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kí irin lè rí irin. Orí bóòlùtù yẹn ni gbogbo ohùn yẹn dúró lé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Àǹtí Fò wọlé lọ wẹ̀, Kóòṣì gbá bóòtù lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ó tú bóòlùtù, ó fi ìdì náà sáàárín wáyà àti irin, ó tún un dè, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Kò pẹ́ tó kéèyàn fọ ẹnu.

*

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí bóòtù wò," ni Rìwáyà wí.

Àǹtí Fò dúró sáàárín òun àti bóòtù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, obìnrin mẹ́tàlélógún péré ló sì wá sí pápá ní àárọ̀ yẹn. "Ẹ kọ́kọ́ fi iwájú hàn mí ná, Bọ̀dá."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lórí wáyà pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ó fi fíùsì kan hàn án, tó jókòó sínú ilé ike rẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́. "Ẹ wo eléyìí. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó kú. Tí iná bá pọ̀ jù, tí wáyà bá lọ kan ibi tí kò yẹ, òun á kọ́kọ́ kú kí ọkọ̀ má bàa jóná. Kò tíì kú, torí náà iwájú dáa. Ẹ̀yìn ni wàhálà wà. Ohun tí mo ń ṣàlàyé fún Kóòṣì lọ́sẹ̀ tó kọjá gan-an nìyí."

"Kóòṣì wá síbí?"

"Ó wá kí mi ni. Ó bi mí bí ẹ̀rọ yín ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó burú ni?"

Nǹkan tútù kan rìn kọjá lẹ́yìn ọrùn Àǹtí Fò. Ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ òun fi wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ọjọ́ méjì! Ó wo àwọn ìka rẹ̀ tó dúdú, ó wo òwú dúdú tó fi ń di àwọn wáyà pọ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ ṣé. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Háà! Àǹtí, wáyà dúdú yẹn ṣáà ni kẹ́ ẹ jẹ́ n..."

Ó ti tan ọkọ̀. Ọkọ̀ sunkún láti ibẹ̀ dé ilé. Ní oríta, ọkùnrin kan tó fẹ́ sọdá títì gbọ́ ọ, ó sì yí padà síbi tó ti ń bọ̀.

*

Òun àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé. Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìgbé orí kúrò lára ìrọ̀rí.

"Kí ló ní iṣẹ́ fíùsì yẹn?"

"Ó ní kó kú ni, Màmá. Pé òun láá kọ́kọ́ kú."

"Ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó máa kọ́kọ́ kú lẹ fi ṣe ọdẹ?" Ìyá Àgbà dìde. "Bá mi fa agolo tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn jáde."

Wáyà bàbà kan ló wà nínú agolo náà, ó ká jọ bí ejò tó ń sùn. Dúdú ni lára, àfi ibi tó ti ṣẹ́ po tó ń tàn. Ti Bàbá Àgbà tó ti kú ni, ẹni tó fi ogún ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù.

"Ẹni tó bá fi ọwọ́ ibi kan ọkọ̀ ẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí, "ọwọ́ yẹn kì í bá a délé bó ṣe bá a jáde."

Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àpótí níwájú ọkọ̀, tó wé wáyà bàbà náà mọ́ fíùsì, láti irin orí rẹ̀ dé irin ìdí rẹ̀, ní ìgbà méje. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde.

"Wàyí o, kò ní kú mọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n: tó bá ti wọ ọkọ̀, kì í jáde mọ́. Bàbá àgbà ẹ jù ú sódò nígbà kan. Kó tó wakọ̀ délé, ó ti padà síbẹ̀, omi ṣì ń kán lára ẹ̀."

"Kí ló dé tí wọ́n fi jù ú sódò?"

Ìyá Àgbà ní oòrùn ti ń mú jù, kí àwọn wọlé.

*

Láti ọ̀sán yẹn, fèrè Kóòṣì ò dún mọ́.

Ó fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Ó fọ̀ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un fẹ́, atẹ́gùn lásán. Ní Ọjọ́rú, aago ọwọ́ rẹ̀ dúró ní aago méjìlá géérégé. Ó tún un ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún dúró síbẹ̀. Irin rẹ̀ sì ń gbóná, kò pọ̀, bí ìgbà tí ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹkún nínú yàrá ara rẹ̀. Ohùn tín-ín-rín, gígùn, láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Kò sí ọkọ̀ kankan ní gbogbo àdúgbò yẹn.

Ó sáré gun àtẹ̀gùn Ìyá Onígò. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni obìnrin náà ti sọ̀rọ̀.

"Kí ni wọ́n fi síwájú ọkọ̀ yẹn?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ẹ gbà mí."

"Ohun tó dàgbà ju tèmi lọ ni. Lọ yí ìdì rẹ kí ọ̀sán ọ̀la tó yẹ̀. Má sì fọwọ́ kan nǹkan míì níbẹ̀."

"Tí mi ò bá lọ ńkọ́?"

Láti inú yàrá, ó gbọ́ bí ìgò ṣe ń kan ìgò, bí ìgbà tí ẹnì kan ń kó ẹrù.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Oòrùn ta ṣánṣán sórí àgbàlá, kò sí òjìji kankan nílẹ̀. Àǹtí Fò dùbúlẹ̀ nínú yàrá, kò sùn. Obìnrin mọ́kànlá ló wá ní àárọ̀ yẹn. Onídìrí wà lára wọn, ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀yìn ló dúró sí, kò sì dápàárá kankan.

Ó gbọ́ tí nǹkan ró gbì níta. Ó mọ ìró yẹn. Bóòtù ni.

Kóòṣì ti ká kápẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn. Ó fi sípánà kọ́ bóòlùtù wáyà dúdú, ó fà á, kò tú. Ó tẹ̀ síwájú kó lè rí agbára lò, ó na ọwọ́ kọjá iwájú ampilifáyà, níbi tí ẹnu wáyà pupa ti wọlé. Aago irin rẹ̀ kan ẹnu wáyà náà. Ẹ̀gbẹ́ kejì aago kan sípánà.

Iná funfun kan bù yẹ̀rì.

Fíùsì tó yẹ kó kú kò kú. Bàbà Ìyá Àgbà gbé agbára náà kọjá, gbogbo ohun tó wà nínú bátìrì sì rọ́ gba ara aago yẹn. Aago lẹ̀ mọ́ sípánà, ó lẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà, ó pọ́n bí ẹyin iná lórí ọwọ́ èèyàn.

Ohùn tó jáde lẹ́nu Kóòṣì mú kí Àǹtí Fò fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí ó mọ̀ ọ́n. Ó gùn. Ó tín-ín-rín. Ó lọ sókè, ó rọlẹ̀, kò dákẹ́. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni ọkọ̀ òun ti ń sun ún.

Ó sáré jáde. Èéfín ti ń yọ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ó rí ẹni tó jẹ́. Ó sì dúró. Kò pẹ́, bóyá ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó dúró, òun náà sì mọ̀ pé òun dúró. Lẹ́yìn náà ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi aṣọ di ọwọ́, ó fa wáyà orí bátìrì tu.

Ẹkún náà já lójijì.

*

Wọ́n ti gbé Kóòṣì lọ fún ìtọ́jú nígbà tí Rìwáyà, tí Àǹtí Fò ránṣẹ́ pè, dé. Ó fa wáyà tó jóná yọ, ó fi tuntun sí i, ó tú bóòlùtù. Nígbà tó ṣe tán, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Àǹtí Fò. Ìdì olówùú dúdú wà ní ọ̀tún, wáyà bàbà wà ní òsì.

"Èyí ni kò jẹ́ kí irin rí irin. Irin tí kò rí irin, á sunkún. Ká ní ẹ jẹ́ kí n ṣí bóòtù lọ́jọ́ tí mo bẹ̀ yín ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán." Ó gbé ọwọ́ òsì sókè. "Èyí ńkọ́? Wáyà bàbà lórí fíùsì! Ẹ gba ikú lọ́wọ́ fíùsì, ẹ wá gbé e fún èèyàn?"

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni mo fura sí."

"Mo mọ̀." Ó ju ìdì sínú iná tó fi ń yọ́ òjé. Iná náà di àwọ̀ ewé fún ìgbà díẹ̀. "Ti ọwọ́ òsì yìí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jù ú nù fúnra yín."

Gọ́tà ńlá wà lẹ́yìn ilé, omi dúdú ń ṣàn nínú ẹ̀ gbuuru. Àǹtí Fò ju wáyà bàbà náà sí i, ó sì rí i tó rì. Rìwáyà fi fíùsì tuntun síbi bátìrì, ó fún un ní àgádágodo kan tó ti kan ìdè rẹ̀ mọ́ bóòtù. "Ẹ máa fi tì í. Lọ́la, tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fọwọ́ kan fíùsì yẹn wò bóyá ó gbóná."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ohùn náà jáde mọ́ tónítóní. Ìró rẹ̀ gba inú ilẹ̀ lọ títí dé ìlà ẹ̀yìn, koríko sì ń gbọ̀n. Àwọn tó sá ti gbọ́ láti ilé, wọ́n ń sáré bọ̀, wọ́n ń so okùn bàtà bí wọ́n ṣe ń bọ̀. "Ẹ fò!" Obìnrin mọ́kànlélógójì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ọkọ yín ti dákẹ́ o!" ni Onídìrí pariwo láti ìlà iwájú. "Ṣé ẹ ti bọ́ ọ ni?"

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aláṣọ dìde lórí àga, ó ń fi ẹsẹ̀ kan lu ilẹ̀ láìmọ̀. "Arábìnrin, pápá ti di tiyín," ni ó wí. Wọ́n gbé Àǹtí Fò sókè.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ló rí Kóòṣì. Ó wà lẹ́yìn gbogbo èèyàn, wọ́n fi báńdéèjì funfun wé ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́. Òun náà ti ń bá wọn fò.

"Ẹ kú oríire, Àǹtí," ni ó wí. Kò wo ojú rẹ̀. Bóòtù ló ń wò.

Èrò túká. Àǹtí Fò rántí ọ̀rọ̀ Rìwáyà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ sí fíùsì.

Kò gbóná. Ó tutù. Wáyà bàbà wé mọ́ ọn láti orí dé ìdí, ní ìgbà méje, omi gọ́tà dúdú ṣì ń kán lára rẹ̀. Ìyá Àgbà ò tíì jí nígbà tó kúrò nílé. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí òun fúnra rẹ̀ mọ́jú.

Ó ti mọ ohun tí wáyà yìí lè ṣe fún ọwọ́ èèyàn. Ó ti gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Ó fi ìka méjì mú etí wáyà náà láti tú u.

Ó gbójú sókè. Pápá ti ṣófo. Kóòṣì nìkan ló kù níbi ògiri, ó ń wo bóòtù.

Àǹtí Fò yọ ìka rẹ̀. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà téèyàn ń pa ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó sùn. Ó lọ sẹ́yìn, ó pa bóòtù dé. Ó mú àgádágodo tuntun tí Rìwáyà fún un, ó wò ó díẹ̀, ó sì jù ú sínú báàgì rẹ̀.